Ìwà Ni Kí Olùkọ́ Wò, Kì Í Ṣe Ojú

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kò yọ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ àwọn kò ju kí àwọn kọ́ni, kí àwọn sì máàkì ìdánwò. Pé ẹni tí ó bá ti wọ yunifásítì ti di àgbà, ohun tí ó bá ń ṣe é kò kan ẹnikẹ́ni. Irọ́ gbáà ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Virginia Tech ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó láti pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ní ọdún 2005, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kíláàsì akéwì Nikki Giovanni ní yunifásítì náà, tí ìwà rẹ̀ ń kọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóminú. Ó ń fi fóònù ya àwòrán wọn láìgba àṣẹ, títí tí àwọn kan kò fi wá sí kíláàsì mọ́. Olùkọ́ yìí kò dákẹ́; ó ní kí wọ́n mú un kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lucinda Roy, olórí ẹ̀ka náà, bẹ̀rẹ̀ sí í dá a kọ́ lọ́tọ̀, ó rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ gba ìmọ̀ràn, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn aláṣẹ létí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọmọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ pé òun lè pa ara òun. Adájọ́ pàṣẹ pé kí ó máa gba ìtọ́jú. Ó dé ilé ìgbaninímọ̀ràn ọgbà náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò tọpa rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2007, ó yìnbọn pa ènìyàn 32, ó sì pa ara rẹ̀.

Kí ni ó kù tí wọn kò mọ̀? Kò sí. Olùkọ́ mọ díẹ̀, ọlọ́pàá mọ díẹ̀, agbaninímọ̀ràn mọ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kó ìmọ̀ wọn jọ sójú kan. Ìgbìmọ̀ tí gómìnà ìpínlẹ̀ Virginia gbé kalẹ̀ fi hàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007 pé àwọn òṣìṣẹ́ rò pé òfin àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ dí àwọn lọ́nà láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin náà kò dí wọn tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àmánà ni àṣírí. Ṣùgbọ́n àmánà kì í ṣe aṣọ tí a fi ń bo iná tí ó ti ń jó òrùlé.

Àwọn mìíràn sì ti sá fún àṣìṣe yìí, wọ́n sá bọ́ sínú èkejì rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2015 sọ ọ́ di dandan fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti máa ṣọ́ àwọn tí a lè fà sínú ìwà ìpániláyà. Ní ọdún náà gan-an, ní Yunifásítì Staffordshire, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí kan lẹ́nu wò nítorí ìwé tí ó ń kà ní ilé ìkàwé. Ẹ̀kọ́ nípa ìpániláyà ni ó sì wá kọ́ níbẹ̀! Yunifásítì náà tọrọ àforíjì níkẹyìn. Kí ni ó ṣe? Ìwé ni ó kà. Èyí kì í ṣe ìṣọ́ra, ìfura lásán ni. Ọmọ tí a bá sì ń ṣọ́ nítorí orúkọ tàbí irùngbọ̀n rẹ̀ kò ní mú ìṣòro rẹ̀ tọ olùkọ́ lọ láéláé.

Ohun tí ó tọ́ kò fara sin. Kí olùkọ́ wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àti ohun tí ó sọ: ìhàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ikú, pípa kíláàsì jẹ lójijì. Kí ó pè é sí kọ̀rọ̀, kí ó bi í léèrè tààrà. Bíbi ènìyàn bóyá ó ń ro àtipa ara rẹ̀ kọ́ ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn tí a yàn fún un, kí wọ́n sì máa tọpa rẹ̀ títí yóò fi yanjú. Láti ọdún 2008 ni òfin Virginia ti pàṣẹ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo yunifásítì ìjọba níbẹ̀.

Àwọn tí ó ń kígbe pé kí a kàn lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dànù kò ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ẹni tí a lé kò kúrò láyé. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i mọ́ ni a lé e lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìdààmú bá kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra.

Wọ́n ní olùkọ́ kì í ṣe oníṣègùn. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó wo ọmọ sàn. Kí ó mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn ni a ń béèrè. Kí àwọn ọ̀dọ́ náà má sì rò pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ nìkan ni èyí. Nígbà tí ọmọ Virginia yẹn sọ̀rọ̀ ikú, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ni ó ta àwọn aláṣẹ lólobó. Ọmọdé ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà tí ó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò gbé e délé.