Ẹ Má Yọ Àmì Kúrò Lórí Orúkọ Fáìlì Yorùbá

Mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà rò. Ní Àjùwọ̀n níhìn-ín, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ń kó iṣẹ́ Yorùbá pa mọ́ sórí Linux: má fi àmì sórí orúkọ fáìlì, Tab kò ní mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí a bá kọ “owe” tí a tẹ Tab, Bash kò ní parí rẹ̀ sí “òwe”. O àti ò kì í ṣe ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àmì, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á di “oko” kan ṣoṣo (oko tí a ń ro ńkọ́?). Fáìlì méjì kò sì lè jẹ́ orúkọ kan nínú fódà kan. Ṣé ìrọ̀rùn nìyẹn?

Láti ọdún 2000 tí Bash 2.04 ti jáde ni àṣẹ “complete -F” ti wà láti kọ́ Tab ní ohun tí a fẹ́. Kí a kọ iṣẹ́ kékeré kan tí yóò fi ohun tí a tẹ̀ wé orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé kò lámì, kí ó sì kó ojúlówó orúkọ tó bá a mu sínú COMPREPLY. “Owe” á di “òwe” fúnra rẹ̀. Ìlà bí i mélòó kan ni, nínú .bashrc. Ọ̀lẹ ló ń pe èdè baba rẹ̀ ní ìdíwọ́ nítorí ìyẹn.