Eré Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Wa Ní Òkè-Ògùn

Ìyá kan ní Ìsẹ́yìn bi wá léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò bá wọn lọ sí ìdíje ilé-ìwé mọ́. Ó ní àlùbami ni wọ́n máa ń lu àwọn, ìtìjú náà sì ti sú òun. Ìyá wá ń béèrè bóyá kí òun fi í sílẹ̀, kó kúkú máa lọ sóko.

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó ń lé e kúrò lórí pápá ni ó yẹ kí a wò.

Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ni Òkè-Ògùn ní nínú 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, títí dé Kíṣí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ó tẹ́ rẹrẹ. A kò dà bí ará Èkó, níbi tí ilé-ìwé aládàáni míràn kò ní ju àgbàlá tí àwọn ọmọ fi ń tò láàárọ̀. Àwa ní pápá. Àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ni a ń wá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ti ṣe ohun ńlá ní ilẹ̀ yìí. Ní 1949 ni ìdíje àwọn ilé-ìwé girama bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, èyí tí a wá mọ̀ sí Principals' Cup. Ní 1956 ni Fadá Denis Slattery, àlùfáà ará Ireland, dá ilé-ìwé St Finbarr's sílẹ̀ ní Èkó; ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti gbá bọ́ọ̀lù kí gbogbo Áfíríkà tó mọ̀ wọ́n. Ní 1985, àwọn ọmọ wa tí kò ju ọdún 16 lọ, tí Nduka Ugbade jẹ́ balógun wọn, na Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní 2–0 ní Ṣáínà, wọ́n sì gba ife àgbáyé. A kì í kórè irú èyí níbi tí ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta nìkan ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ilé-ìwé abúlé kan ní ọmọkùnrin 40, ti ìlú ní 1,000. Ti ìlú yìí tún lọ ṣa àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ ní àwọn ilé-ìwé kéékèèké, ó sọ wọ́n di tirẹ̀. Nígbà míràn, ẹni tó ti ń fá irùngbọ̀n ni wọ́n máa ń kà mọ́ ọmọ ọdún 15. Bí wọ́n bá pàdé, a di 7–0. Lọ́dún kejì, ọ̀gá ilé-ìwé kékeré á ro owó ọkọ̀ àti owó bàtà pọ̀ mọ́ ìtìjú, á ní kí àwọn ọmọ òun jókòó sílé. Lọ́dún kẹta, ilé-ìwé míràn á tún jókòó. Ẹni tó bá kó gbogbo ọmọ ayò sọ́wọ́ tán, ta ni yóò bá a ta á mọ́?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní New Zealand, eré rọ́gíbì ni wọ́n fẹ́ràn jù: bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin, wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ gbé e sáré. Ní ìparí 2018, ilé-ìwé 10 ní ìlú Auckland ní àwọn kò ní bá ilé-ìwé kan gbá mọ́, nítorí ó ń fa ọmọ ilé-ìwé ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n gbá mọ́ra. Ìgbà tí ilé-ìwé náà gba òfin tuntun ni ìjà tó parí ní 2019. Lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú, wọ́n máa ń fi ìwọ̀n ara pín àwọn ọmọdé, kí èyí tó fúyẹ́ má baà forí kọ èyí tó wúwo jù ú lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ọgbọ́n yìí ti wà nínú ìṣe Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ibn Umar gbà á wá pé Ànábì ṣètò eré ẹṣin ní Mẹ̀dínà. Àwọn ẹṣin tí a ti tọ́jú fún eré sáré láti Hafyaa dé Thaniyyatul-Wadaa, bí i máìlì márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àwọn tí a kò tọ́jú bẹ́ẹ̀ sáré láti ibẹ̀ dé mọ́sálásí Banii Zuraiq, bí i máìlì kan péré. Kò da wọn pọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Àíṣà pẹ̀lú sáré ìje: Àíṣà borí lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó pẹ́, Ànábì borí, ó sì fi ẹ̀rín sọ pé ọ̀mì ni. Eré tí ẹni méjèèjì ní ìrètí nínú rẹ̀ ni eré.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù nìyí, ẹ̀yin ìyá ló sì kàn. Ẹnìkan lè wá bá yín pé kí ẹ lọ búra ní kóòtù, kí a gé ọdún ọmọ yín kù, kó lè bá àwọn kékeré gbá. Ẹ má gbà. Ìbúra èké ni, ọmọ tí wọ́n sì gba ipò rẹ̀, ìyá kan ló bí òun náà. Ní 1989, àjọ FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ orí tí kò bá ara mu. Àwọn tí kò purọ́ náà sì pàdánù àkókò wọn. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ fún ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, ìyá wa ní Ìsẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹ lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí ilé-ìwé kékeré kọ́kọ́ bá kékeré gbá, kí ńlá bá ńlá. Kí ọmọ tó bá pààrọ̀ ilé-ìwé dúró fún ọdún kan kó tó gbá fún ti tuntun. Kí àwọn tó múlé ti ara wọn máa pàdé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kí gbogbo ọmọ sì ti délé kí Mọ̀gàríbì tó tó. Owó ọkọ̀ kò ní pọ̀, ìrun kò sì ní lọ. Oko náà kò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ oko lọ́jọ́ oko, kí ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù.

Bí wọ́n bá ṣì nà wọ́n ní 2–1 lẹ́yìn èyí, ẹ kí i káàbọ̀, kí ẹ fún un lóúnjẹ. Ọmọ tó bá pàdánù 2–1 á tún padà lọ. Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ wọn, kí Ó má jẹ́ kí a fi irọ́ tọ́ wọn. Àmín.