Ṣé Olóṣèlú Nìkan Ló Ń Kọ́ Ìlànà Ìjọba?
Nígbà tí mo ní mo fẹ́ ṣe Masters lórí ìlànà ìjọba àti ìgbáyé-gbádùn ará ìlú, ẹ̀gbọ́n mi kan ní Yemetú bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé o fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ní 1952, S. O. Awókọ́yà gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ n'Íbàdàn níbí. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tó bíi 457,000 ní 1954. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 800,000! Ta ló ṣírò iye kíláàsì, iye tíṣà? (Tíṣà tó gbẹ̀kọ́ ò tiẹ̀ kárí.) Ìṣirò yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ́. Yunifásítì tó bá yọ ìmọ̀ ìṣirò kúrò nínú kọ́ọ̀sì náà, mi ò ní ra fọ́ọ̀mù wọn.