Wọ́kí-tọ́kí tòkunbọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ Ṣáṣá

Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà Ṣáṣá, n'Ìbàdàn, lóṣù Kejì, ọdún 2021, ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì ní kí wọ́n ti ọjà náà pa. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń fi hàn pé ẹ̀ṣọ́ tí kò lè tètè pe ẹnìkejì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó dá wà.

Wọ́kí-tọ́kí dára fún èyí, nítorí kò dúró de òpó iléeṣẹ́ tẹlifóònù kankan. Tòkunbọ̀ ló yẹ kí wọ́n fura sí. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC ní kí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá, panápaná àtàwọn oníṣòwò kúrò lórí ìkànnì fífẹ̀, 25 kHz, bọ́ sórí tóóró, 12.5 kHz, kó tó di ọdún 2013, kí àyè lè gba èèyàn sí i. Èyí tó gbà á, kọ̀ǹpútà àti wáyà ni wọ́n fi tún un tò. Èyí tí kò gbà á di àpatì.

Bí fífẹ̀ àti tóóró bá wá pàdé, wọn kì í yadi, ohun tó ń tanni jẹ nìyẹn. Ohùn tóóró á lọ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ti fífẹ̀ á máa há, á máa fọ́. Ta ni yóò gbọ́ orúkọ àdúgbò tí wọ́n ń pè lóru?

Ìwọ̀n kan náà ló yẹ kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí, lórí ìkànnì tí àjọ NCC fún wọn níwèé àṣẹ, kì í ṣe èyí tí oníṣẹ́ kan ṣèèṣì bá nínú ẹ̀rọ. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí ẹnì kan dúró ní Ṣáṣá, kí ẹnìkejì lọ sí Òjóò, kí wọ́n pe ara wọn.