Jàpáànì àti Àlejò Tí Kò Lọ Mọ́

Lẹ́tà kan ni ó mú mi jókòó ti kíkọ lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí ó ti ń gbé ní ilẹ̀ Jàpáànì láti ọdún 11 sẹ́yìn, tí ó sì ti bímọ síbẹ̀, ni ó kọ̀wé sí mi pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo lè béèrè kí wọ́n sọ mí di ọmọ orílẹ̀-èdè ibí, ṣùgbọ́n n ó ní láti jọ̀wọ́ ti Nàìjíríà. Bí mo bá ṣe é, ṣé wọn yóò yé pè mí ní àjòjì, sà?"

N kì í ṣe amòfin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, ìbéèrè èdè ni, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jàpáànì sábà máa ń lò fún àjòjì ni gaijin. Gai ni "ìta", jin ni "ènìyàn". Ará ìta ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Èyí tí ó ní ọ̀wọ̀ díẹ̀ ni gaikokujin, "ará orílẹ̀-èdè ìta", òun ni a sì ń rí nínú ìwé ìjọba. Yorùbá náà ní àlejò, ó ní àjòjì, ó ní àtọ̀húnrìnwá, gbogbo wọn kò sì dùn ún gbọ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò ni ẹni tí ó wá. Bí mo bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni àlejò, àwọn tí mo bá níbẹ̀ ni onílé. Kì í sì ṣe ohun tuntun kí ará Jàpáànì tí ó lọ gbafẹ́ ní Paris máa pe àwọn ará Paris gan-an ní gaijin. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ibi tí ènìyàn wà. Ẹgbẹ́ tí kò sí nínú rẹ̀ ni ó ń sọ.

Gírámà wọn pàápàá ń tọ ọ̀nà yìí. Èdè náà ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bí tiwa, àní ó ju tiwa lọ, èyí sì máa ń dùn mọ́ ọmọ Yorùbá tí ó bá ń kọ́ ọ, nítorí ó rò pé òun ti délé. Kò pẹ́ tí yóò fi kọsẹ̀. Nílé wa, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀gá wa, a ó ní, "Wọn kò sí nílé, wọ́n ti jáde." Ẹni yòówù tí ìbáà máa béèrè, àgbà ni àgbà ń jẹ́. Ní Jàpáànì, bí ará ìta bá béèrè ọ̀gá ilé-iṣẹ́, akọ̀wé yóò mẹ́nu kan orúkọ ọ̀gá rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kankan kún un, yóò sì lo ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ fún un, nítorí pé níwájú ará ìta, ọ̀gá àti akọ̀wé ti di ọ̀kan. Uchi ni wọ́n ń pe inú, soto ni wọ́n ń pe òde. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ èdè náà bí ó ti yẹ gbọ́dọ̀ máa pinnu ní gbogbo ìgbà ta ni ó wà nínú, ta ni ó wà lóde. N kò wí pé gírámà ni ó ń bí ìkórìíra àjòjì o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ irú àsọdùn bẹ́ẹ̀ nípa onírúurú èdè, iṣẹ́ wa kò sì gbà á. Ohun tí mo ń wí ni pé ààlà náà ti wà lẹ́nu kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò rò pé wọ́n ti gba òun tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ó bá kàn kí ènìyàn ní èdè wọn, wọn yóò ní nihongo jōzu, ìyẹn ni pé ó mọ èdè Jàpáànì sọ dáadáa. Wọn yóò yìn ín nítorí pé ó mọ igi ìjẹun méjèèjì dì mú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ní ọdún kìíní, orí òun ń wú. Ní ọdún kọkànlá, ó ń dun òun, nítorí pé a kì í yin ọmọ onílé pé ó mọ òkèlè bù. (Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ: àwa náà ń ṣe é. Ẹ wo bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún òyìnbó tí ó bá wí pé "ẹ káàárọ̀", tí a óò ti sọ ọ́ ní Àkànbí kí ó tó jókòó. Ṣé ìyẹn ti sọ ọ́ di ará ilé?) Bobby Ologun, ọmọ Nàìjíríà tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí tẹlifíṣọ̀n wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àṣìsọ èdè Jàpáànì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n sì fi fẹ́ràn rẹ̀. Lójú tèmi, àjòjì tí èdè rẹ̀ kò gún a máa fi ọkàn onílé balẹ̀. Èyí tí èdè rẹ̀ bá gún régé ni kò sí ààyè tí a tọ́jú sílẹ̀ fún.

Orúkọ náà ńkọ́? Ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n ń lò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, katakana, ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ̀rọ̀ àyálò, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ orúkọ ọ̀pọ̀ àjòjì. Donald Keene, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó fi ayé rẹ̀ kọ́ lítíréṣọ̀ Jàpáànì, di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2012, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Katakana ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé òfin. Rui Hachimura ní tirẹ̀, tí ń gba bọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Jàpáànì ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará ibẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wá láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kanji, ìkọ̀wé àwọn onílé, ni wọ́n fi kọ orúkọ tirẹ̀. Ó gbé àsíá Jàpáànì níbi Òlíḿpíìkì Tokyo ní ọdún 2021. Ní ọdún kan náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ fi hàn fáráyé irú èébú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn nítorí àwọ̀ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè, ẹjọ́ Otaru ni ó sì súnmọ́ ìbéèrè rẹ̀ jù. Otaru jẹ́ ìlú etí òkun ní Hokkaido. Ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná kan níbẹ̀ gbé àkọlé síta pé ará Jàpáànì nìkan ni àwọn ń gbà, nítorí wọ́n ní àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kò mọ ìwà hù nínú omi. Debito Arudou, tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, lọ síbẹ̀ ní ọdún 1999 pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, wọ́n sì dá a padà. Ní ọdún 2000 ó di ọmọ Jàpáànì, ó mú ìwé rẹ̀ dání, ó tún lọ. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n gbà pé òótọ́ ni, wọ́n sì ní kí ó máa lọ síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ ni àwọn oníbàárà yòókù yóò rí. Ní ọdún 2002, ilé ẹjọ́ Sapporo dá òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ pe ẹjọ́ náà láre, ó ní kí ilé ìwẹ̀ náà san mílíọ̀nù 1 yen fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò dá ìlú Otaru lẹ́bi rárá. Jàpáànì ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àgbáyé lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà láti ọdún 1995, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe òfin kan tí ó fi òpin sí i nínú ilé. Òfin ọdún 2016 lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra kò ní ìjìyà kankan nínú. Ìlú Kawasaki ni ó kọ́kọ́ fi owó ìtanràn sí tirẹ̀, ní ọdún 2019. Nínú ìwádìí tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2017, nǹkan bí ìdá 39 nínú 100 àwọn àjòjì tí wọ́n wá ilé ni wọ́n ní àwọn kò rí i gbà nítorí pé àjòjì ni àwọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọ̀ nìkan ni. Ìmìtìtì ilẹ̀ wáyé ní agbègbè Tokyo ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, àhesọ sì tàn pé àwọn ará Kòríà ń da májèlé sínú kànga. Àwọn tí wọ́n dì mọ́ ojú ọ̀nà ń ní kí ẹni tí ń kọjá pe "yen 15 àti sen 50" ní èdè Jàpáànì, nítorí pé kọ́nsónáǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún ará Kòríà láti pè. Ẹni tí ó bá ṣì í pè, wọ́n pa á. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó kú báyìí. Mo máa ń sọ ìtàn yìí nínú kíláàsì fónẹ́tíìkì mi, ọ̀rọ̀ a sì tán lẹ́nu gbogbo wa. Ní ọdún 1952, àwọn ará Kòríà tí wọ́n kù sí Jàpáànì pàdánù jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò gbọ́ èdè mìíràn ju ti Jàpáànì lọ, kò sí ẹni tí yóò yìn wọ́n pé wọ́n mọ̀ ọ́n sọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń jẹ́ orúkọ Jàpáànì níta kí wọ́n lè ríṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ti Nàìjíríà náà dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, níbi àpérò tí Jàpáànì ṣe pẹ̀lú Áfíríkà ní Yokohama, àjọ JICA so ìlú mẹ́rin pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́rin. Kisarazu, níbi tí àwọn eléré ìdárayá wa ti gbára dì fún Òlíḿpíìkì, ni ó bọ́ sí ọwọ́ Nàìjíríà. "Hometown" ni wọ́n pe ètò náà. Ìjọba wa kéde pé Jàpáànì yóò ṣe físà ọ̀tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa láti lọ máa gbé níbẹ̀. Jàpáànì ní kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ipè àti lẹ́tà ìbínú ti bo àwọn ilé ìjọba ìlú wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù kẹsàn-án, JICA fagi lé ètò náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Fún Yorùbá, "hometown" ni ìlú baba ẹni, ibi tí wọn yóò gbé òkú ẹni lọ. Fún àwọn tí wọ́n ṣètò rẹ̀, ọ̀rọ̀ àyálò tí kò wúwo ni, tí a fi katakana kọ. Ìjọba tiwa jẹ̀bi ìkánjú, mo gbà. Síbẹ̀, ìdíbò oṣù keje ọdún náà, nínú èyí tí ẹgbẹ́ Sanseito gba àga 14 pẹ̀lú igbe "ará Jàpáànì kọ́kọ́", ti fi hàn pé koríko ti gbẹ kí iná tó dé. Àwọn àjòjì tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ ní òpin ọdún 2024 kò ju nǹkan bí 3 nínú 100 lọ.

Mo dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn báyìí: bí ó bá jẹ́ nítorí ìbò ni, gba ìwé náà, nítorí pé àjòjì kò lè dìbò yan ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Bí ó bá jẹ́ nítorí kí ẹnikẹ́ni má lè lé ọ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ ni, gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kí wọ́n yé pè ọ́ ní gaijin ni, má ṣe fi Nàìjíríà san owó ohun tí ìwé kò ní agbára láti tà fún ọ.

Ó fèsì ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Kò sọ ohun tí ó pinnu. Ó ní ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ilé kanlẹ̀kùn òun láàárọ̀, ó gbé àpò pàǹtí òun padà wá, ó sì bá òun wí kíkankíkan pé òní kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ń kó ike, pé ọdún mélòó ni òun yóò gbé ládùúgbò kí òun tó mọ̀ ọ́n. Kò yin èdè òun. Ó ní láti ọdún 11, ẹnikẹ́ni kò tíì bá òun sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, inú òun sì dùn títí di ọ̀sán.