Ilé Kì Í Mutí

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar lulẹ̀ ní Ìta Tinúbú, ní Èkó. Àwa tí ń gbé Èbúté Mẹ́ta, tí afárá Carter nìkan ni a ní láti gbà kí a tó dé ọ̀hún, gbọ́ ìròyìn náà, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìjọ wí? Wọ́n ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣebí ilé ọtí ni.”

Èyí ni a kò lè gbà. Àwa pẹ̀lú kò yin ọtí, a kò sì ní yìn ín. Ṣùgbọ́n ilé kì í mutí, ènìyàn ní í mu ún. Ní ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ilé náà ní ìlànà àwọn Àgùdà, àwọn tí ó ti oko ẹrú ilẹ̀ Brazil padà wá. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ lókè bí òṣùmàrè. Ní ọdún 1933 ó di ti ìdílé Ọláìyá. Ní ọdún 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Ìkéde kò ṣòro. Ìdílé náà ní ilé ti gbó, ó lè wó pa ènìyàn. A kò lè bá wọn wí púpọ̀. Òfin tí ó ní kí onílé má ṣe wó ilé ara rẹ̀, ó yẹ kí ó gbé pákó àti sìmẹ́ńtì dání wá. Ẹni tí ń ta ọtí, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, a máa dí òrùlé tí ń jò, kí òjò má baà lé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ. Ó tẹ́ wa lọ́rùn kí wọ́n máa ta bíà níbẹ̀ títí di òní ju kí ilé náà má sí mọ́ lọ.

Ẹ wo Jaekel House nínú ọgbà Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta níhìn-ín. Ọdún 1898 ni a kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sínú rẹ̀. A wá iṣẹ́ fún un, ó sì dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ mú wọn gba orí afárá dé Ìta Tinúbú. Bí wọ́n bá bi yín léèrè pé ilé Àgùdà tí ẹ ń ròyìn dà, ẹ má ṣe dá wọn lóhùn pé ilé ọtí ni.