Èènì Òtẹ́ẹ̀lì: Oyè Wo Ló Yẹ Kí Oníṣòwò Máa Lé?

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa tó ń rìnrìn-àjò lọ kó ọjà, pàápàá àwọn oníléèsì, àwọn oníbàtà, àtàwọn tó ń ta ohun èlò ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ káàdì òtẹ́ẹ̀lì ni. Ọ̀kan á ní Hilton lòun ń lé. Èkejì á ní kò sí èyí tó tó Marriott. Ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jàre, Accor lòun mọ̀. Àwọn míì ti ń fi ṣe fáàrí lóde àríyá. Èmi náà ní èrò tèmi lórí ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, torí pé owó ọjà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Kò le rárá, èènì ni. Bí oníbàárà bá ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ wa, a ó bu èènì sí i fún un. Bó bá wá pẹ́ tó ti ń bọ̀, a ó gbé àga fún un, a ó fún un lómi tútù, a ó sì ya ọjà tó dáa sọ́tọ̀ dè é. Ohun táwọn onílé òtẹ́ẹ̀lì ńlá ń ṣe náà nìyẹn. Èènì tiwọn ni wọ́n ń pè ní póíǹtì. Àga tí wọ́n ń gbé fúnni ni wọ́n ń pè ní Silver, Gold, Platinum àti Diamond. Èmi á máa pè é ní oyè, torí bí oyè ló rí: èèyàn á jẹ ẹ́, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ bí kò bá wálé mọ́. Ọdún 1983 ni Holiday Inn àti Marriott bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Amẹ́ríkà, Hilton sì tẹ̀ lé wọn ní 1987. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ju ọ̀kan lọ: kí oníbàárà má baà yà sí ìsọ̀ ẹlòmíì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n fẹ́ràn òun. Ìṣòwò ni wọ́n ń ṣe, àwa náà oníṣòwò ni.

Ẹ wo ohun tó wà ńdìí ọ̀rọ̀. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́dọ̀ ìjọba. Nínú ọdún 2024, ó fò kọjá ₦1,500. Ìyẹn ni pé yàrá $100 tó jẹ́ nǹkan bíi ₦47,000 tẹ́lẹ̀ di ohun tó lé ní ₦150,000. Yàrá kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà o! Ẹni tó bá wá lọ fi òru méjì tí kò nílò kún ìrìn-àjò rẹ̀, torí kí òǹkà rẹ̀ lè pé kó sì jẹ oyè Gold, ọjà ló fi sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Owó òru méjì yẹn, bùǹdù léèsì mélòó ni ì bá kó wálé?

Èyí ni mo fi sọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni "èwo ló dáa jù?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "òru mélòó ni mo ń sùn níta lọ́dún, níbo ni mo sì ń sùn?" Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi ẹnu sọ ọ́, torí ẹnu a máa bù kún un. Ẹni tó lọ Guangzhou lẹ́ẹ̀mejì, tó sùn òru 8 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti ní 16. Bó bá lọ Dubai lẹ́ẹ̀mejì, òru 4, 4, ó di 24. Bó bá tún dé Abuja lẹ́ẹ̀kan, òru 2, ó di 26. Òǹkà tòótọ́ nìyẹn. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 7 ńkọ́? Òun náà, òǹkà tòótọ́ ni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó kàn ká wo iye tí wọ́n ń bèèrè. Lọ́dọ̀ Marriott, òru 10 ni Silver, 25 ni Gold, 50 ni Platinum. Lọ́dọ̀ IHG tó ni Holiday Inn àti Crowne Plaza, 10 ni Silver, 20 ni Gold, 40 ni Platinum, 70 ni Diamond. Accor, tó ni Novotel, Ibis, Sofitel àti Mövenpick, ń bèèrè 10 fún Silver, 30 fún Gold, 60 fún Platinum. Hyatt ní orúkọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ ipele mẹ́ta ni: 10, 30, 60. Ti Hilton, òru 40 ni wọ́n ń bèèrè fún Gold títí ọdún 2025 fi parí, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 wọ́n já a sí 25. Diamond wọn tó jẹ́ 60 wá di 50. Ẹ rí i báyìí pé òfin wọn kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n ṣe dín in lónìí, wọ́n lè fi kún un lọ́la. Ẹni tó bá ń lé oyè ọdún mẹ́ta síwájú ń lé òjìji.

Ibi tó ti ń ta ọ̀pọ̀ wa lẹ́sẹ̀ nìyí o. Ẹ gbọ́ ná: Gold kì í ṣe Gold! Bí wúrà Dubai ṣe yàtọ̀ sí panda náà ni. Gold ti Hilton, bí ẹ bá ti kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń fúnni ní oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wọn, fún ẹni tó ni káàdì àti ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú yàrá. Gold ti Marriott kò fúnni lóúnjẹ. Póíǹtì díẹ̀ lé e ni, àti pé wọ́n lè jẹ́ kí ẹ pẹ́ nínú yàrá di aago méjì ọ̀sán bí àyè bá wà. Kí ẹ tó rí oúnjẹ àárọ̀ jẹ lọ́dọ̀ Marriott, ẹ ó dé Platinum, òru 50. Lọ́dọ̀ IHG, ó di Diamond, òru 70. Lọ́dọ̀ Hyatt, ó di ipele òkè pátápátá, òru 60. Orúkọ kan náà, adùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn kan á ní, "Kí ni ti oúnjẹ àárọ̀? Ṣé ebi ló ń pa wá ni?" Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ká ní oúnjẹ yẹn jẹ́ $15 fún ẹnì kan. Ẹ̀yin méjì nínú yàrá, òru 8, ó di $240. Bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ₦360,000 nìyẹn. Ẹni tó bá jẹun yó láago méje àárọ̀ lè rìn nínú ọjà títí di ọ̀sán láì ra nǹkan kan sẹ́nu. Àti ti pípẹ́ nínú yàrá, ẹ̀yin tí ọkọ̀ òfuurufú yín ń gbéra lóru mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n á lé èèyàn jáde láago méjìlá ọ̀sán pẹ̀lú àpò mẹ́fà, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n lé nílé ọkọ. Marriott Platinum ń fúnni di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wọn. Ohun tó wúlò fún oníṣòwò nìwọ̀nyí. Àpù tí wọ́n gbé sórí tábìlì pẹ̀lú lẹ́tà "ẹ káàbọ̀, màdáámù" kò kún owó ọjà.

Wàyí o, èrò tèmi rèé. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ kò tó 10 lọ́dún, kó má lé oyè kankan. Kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, torí ọ̀fẹ́ ni, kó sì gba póíǹtì tó bá wá, àmọ́ ibi tó sún mọ́ ọjà tówó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n ni kó sùn. Bí ọjà yín bá wà ní Xiaobei ní Guangzhou, tí òtẹ́ẹ̀lì olóyè sì wà ní òdìkejì ìlú, owó takisí á jẹ oúnjẹ àárọ̀ yẹn tán, á tún jẹ oúnjẹ alẹ́ mọ́ ọn.

Ẹni tí òǹkà rẹ̀ wà láàárín 25 sí 40, tó sì ń lọ sókè òkun, Hilton ni mo fọwọ́ sí fún un lónìí, torí oúnjẹ ẹni méjì yẹn. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀nà Cotonou àti Accra lòun ń nà, Accor ló sún mọ́ ọn: Novotel àti Ibis wà ní Cotonou, Mövenpick wà ní Accra. Kó má retí oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní Silver tàbí Gold wọn, àmọ́ ó sàn ju kó máa wá Hyatt kiri lọ, nígbà tí ilẹ̀kùn Hyatt kò pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá kọjá òru 50 lóòótọ́, kó wo Marriott, torí ibẹ̀ ni Platinum wọn ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún wà nílé: Marriott wà ní Ikeja, wọ́n sì ra àwọn Protea ní ọdún 2014. Àmọ́ ọ̀kan ni kí ẹ mú. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Òru 13 níhìn-ín àti 13 lọ́hùn-ún, Silver méjì ni, kì í ṣe Gold kan.

Ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rìn ní méjì-méjì. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá kan ń kà fún. Ìjà ti ń ti ibí yìí wọlé, torí èkejì á ní "èmi náà san owó, kí ló dé tó jẹ́ ìwọ lò ń joyè?" Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń pín òru, bí onígbà-èmi-onígbà-ìwọ, kò sẹ́ni tó máa débì kankan. Ẹ fi gbogbo òru sí orúkọ ẹnì kan, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jẹ oúnjẹ àárọ̀, kí ẹ sì pín èrè póíǹtì bí ẹ ṣe ń pín èsúsú. Hilton tiẹ̀ gba èèyàn tó tó 11 láyè kí wọ́n da póíǹtì pọ̀ sójú kan. Póíǹtì ni o, kì í ṣe òru. Kí ẹ sọ àdéhùn yín kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ nílé kì í dùn lájò.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ló kù. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà bíi Booking.com tàbí Agoda, tàbí nínú owó àpapọ̀ tí ẹ san fún ẹni tó ń kó èèyàn lọ Mẹ́kà, òru yẹn kì í sábà kà. Ọ̀dọ̀ onílé gan-an ni kí ẹ ti gbà á bí ẹ bá ń ka òru. Àmọ́ bí ti alágbàtà bá fi owó gidi dín, ẹ gba ti alágbàtà, kí ẹ gbàgbé oyè. Ìkejì, póíǹtì a máa kú. Accor ń pa á lẹ́yìn ọdún kan tí ẹ kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, Marriott àti Hilton lẹ́yìn ọdún méjì. Ìkẹta, ẹ má fún ọmọ tó ń bá yín gba tíkẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà àṣírí yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Marriott fúnra wọn kéde pé olè ti wọ ìwé àwọn oníbàárà Starwood láti ọdún 2014, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù sì wà lára ohun tí wọ́n kó. Bí olè bá lè wọ ilé ńlá bẹ́ẹ̀, ká má wá fọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n dá èèyàn mọ̀ kí wọ́n sì kí i dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ wa la fi ń débẹ̀. Ohun tó burú ni kí ọjà máa tẹ̀ lé oyè, dípò kí oyè máa tẹ̀ lé ọjà. Ibi tí ọjà bá gbé yín lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka òru. Bó bá pé, ẹ jẹ oyè. Bí kò bá pé, ẹ kó ọjà yín wálé.

Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí àtẹ̀jáde tó ń bọ̀ tó wọ ilé ìtẹ̀wé. Ọjà á tà o.